Orírun Àwọn Ará Ìsàlẹ̀ Èkó, àti Ohun Tí Ìga Ìdúngánràn Ń Wí Nípa Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá síwájú yín, ẹ̀yin ará nínú Kristi àti ẹ̀yin ọ̀rẹ́ tí ẹ fẹ́ràn ìmọ̀, jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó ti dá ìjà sílẹ̀ ju èyí tí ó ti parí lọ. Òun ni èyí: ta ni í ṣe ọmọ Èkó, láti ibo ni ó sì ti wá? Bí a bá bi ará Ìsàlẹ̀ Èkó kan, yóò dáhùn pé Àwórì ni baba òun. Èkejì a ní Bìní ni. Ẹ̀kẹta a mẹ́nu ba Ìjẹ̀ṣà, tàbí Ìjẹ̀bú, tàbí Tápà. Ẹ̀kẹrin, tí í jẹ́ da Silva tàbí Pereira, a ní òun kò mọ ibòmíràn ní ilé ju Pópó Àgùdà lọ. Bí a bá sì pe àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ sí ojú kan, a kò ní rí ẹni tí ó purọ́ nínú wọn. Ibi tí ìdààmú ti ń wọlé ni pé olúkúlùkù ń fẹ́ kí òtítọ́ ti òun nìkan di gbogbo òtítọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn arúgbó tí ń tòògbé lábẹ́ igi ni èyí. Ní ìgbà ìdìbò gómìnà ní oṣù kẹta ọdún 2023, ọ̀rọ̀ líle gbẹnu àwọn ènìyàn ní ìlú Èkó lórí ẹni tí í ṣe onílé àti ẹni tí í ṣe àlejò, àwọn kan kò sì lè dé ibi àpótí ìbò wọn nítorí orúkọ tí baba wọn sọ wọ́n. Nítorí náà ó yẹ kí a fi sùúrù yẹ ìpìlẹ̀ ìlú náà wò, kí a lè mọ bí ẹnì kan bá tilẹ̀ wà tí ó lè fi ọwọ́ sọ àyà pé òun nìkan ni ó ni ín.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ààfin. Ìga ni àwọn ará Èkó ń pe ilé ọba àti ilé ìjòyè. Ìtumọ̀ tí wọ́n ń fún Ìga Ìdúngánràn ni ààfin tí a kọ́ sí orí oko ata, nítorí pé ìgánràn jẹ́ irú ata kan, àwọn àgbà sì wí pé Arómirẹ́, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Ọlọ́fin, ni ó ń gbin ata sí ibẹ̀ kí ọba kankan tó jókòó níbẹ̀. Títí dé ibi yìí ọ̀rọ̀ Àwórì ni a ń sọ. Ṣùgbọ́n kí ni ìdún? Ẹni tí ó bá gbọ́ èdè Ẹ̀dó yóò sọ fún wa pé *idumwun* ni àwọn Bìní ń pe àdúgbò. Kí ó sì rìn káàkiri Erékùṣù Èkó, yóò kan Ìdúmọ̀tà, yóò kan Ìdúmàgbò, yóò kan Ìdúntáfà, gbogbo wọn ní orí kan náà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí pé orúkọ ààfin fúnra rẹ̀ jẹ́ ìgbéyàwó: apá kan rẹ̀ ti ẹnu Bìní wá, apá kejì ti inú oko Àwórì. A kò mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ míràn wà ní Èkó tí ó sọ ìtàn ìlú náà ní kúkúrú tó bẹ́ẹ̀.

Ti àwọn Àwórì ni a ó kọ́kọ́ sọ, nítorí àwọn ni ó kọ́kọ́ dé. Ìtàn wọn wí pé Ọlọ́fin Ògúnfúnmínírè kúrò ní Ilé-Ifẹ̀ pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀, a sì fi àwo kan sórí omi kí ó máa ṣíwájú wọn. Ibi tí àwo náà bá rì sí, níbẹ̀ ni kí wọ́n tẹ̀dó. Wọ́n tọ ipa omi Ògùn wá títí dé Ìṣẹ́rí, àwo sì rì. Bí a bá bi wọ́n léèrè pé àwo dà, ìdáhùn wọn ni pé àwo ti rì, láti inú ìdáhùn náà ni a sì ti ń pè wọ́n ní Àwórì. Lẹ́yìn èyí, nígbà tí ogun ń dà wọ́n láàmú ní ìlú òkè, apá kan nínú wọn sọ̀ kalẹ̀ wá sí Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, wọ́n sì kọjá lọ sí erékùṣù Ìddó fún ààbò, nítorí omi yí i ká. Láti Ìddó ni àwọn ọmọ Ọlọ́fin ti pín ilẹ̀ àyíká ọ̀sà láàrin ara wọn, èyí tí ó mú Olúmẹ́gbọ́n, Arómirẹ́, Olótó, Ojòrá, Olúwa, Onírù, Oníkòyí, Elégùṣì, Onísíwò àti àwọn ẹgbẹ́ wọn di onílẹ̀. Àwọn ni a ń pè ní Ìdẹ́jọ. Erékùṣù tí ó wà ní ọ̀kánkán Ìddó kò tíì jẹ́ ìlú nígbà náà; ibi oko àti ibi ẹja ni.

Ní ọdún 1472, atukọ̀ Potogí kan, Rui de Sequeira, gba etíkun yìí kọjá. Àwọn ènìyàn rẹ̀ pe ọ̀sà náà ní *Lago de Curamo*, ìyẹn adágún omi Kúrámò, orúkọ tí a ṣì ń gbọ́ ní eréko Victoria Island dòní. Láti inú *lago* yìí ni àwọn òyìnbó ti mú orúkọ tí wọ́n ń pe ìlú náà.

Lẹ́yìn náà ni àwọn Bìní dé. Ìtàn tiwọn wí pé Ọba Orhogbua, tí ó jẹ ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, mú ogun wá sí ọ̀sà yìí, ó sì pàgọ́ sí erékùṣù náà. *Eko* ni àgọ́ ogun ní èdè wọn, wọ́n sì wí pé èyí ni ìpilẹ̀ṣẹ̀ orúkọ Èkó. Àwọn Àwórì kan kò gbà. Wọ́n ní láti inú oko, oko ata tí a ti mẹ́nu bà yìí, ni orúkọ náà ti jáde. Ní tiwa, ọ̀rọ̀ àgọ́ ni a rò pé ó lágbára jù, nítorí ẹlẹ́rìí kan wà tí kò ní ohun tí yóò jèrè nínú ọ̀ràn náà. Ọmọ Jámánì kan, oníṣẹ́-abẹ inú ọkọ̀ ojú omi, tí í jẹ́ Andreas Josua Ulsheimer, dé ibẹ̀ ní ọdún 1603. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìlú ààlà ni, pé ọba Bìní ni ó ni ín, pé odi yí i ká, àti pé àwọn jagunjagun pẹ̀lú àwọn ọ̀gágun wọn ni ń gbé ibẹ̀. Ẹni tí ó bá ti rí àgọ́ ológun rí yóò mọ irú ìlú tí ó ń wí.

Nísinsìnyí a dé orí Aṣípa, ẹni tí ìdílé ọba Èkó ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ wá, orí rẹ̀ ni gbogbo àríyànjiyàn sì ti gbóná jù lọ. Gbogbo ẹnu ni ó gbà pé ọba Bìní ni ó fi í jẹ. Gbogbo ẹnu ni ó sì gbà pé ìyànsípò yìí tẹ̀lé ikú ọ̀gágun Bìní kan, Aṣérù, tí a gbé òkú rẹ̀ padà sí Bìní tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Àwọn Àwórì ní ìjòyè Ìṣẹ́rí ni Aṣípa, pé òun ni ó gbé òkú náà lọ, ọba Bìní sì fi oyè, ìlù gbẹ̀du àti ìránṣẹ́ ọba san oore rẹ̀; wọ́n tún tọ́ka sí i pé Aṣípa jẹ́ oyè tí a mọ̀ dáradára ní ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn Bìní ní rárá, ọmọ ààfin Bìní gan-an ni. Yorùbá ni ó pe orúkọ rẹ̀ ní àpèwọ́, gbólóhùn Ẹ̀dó kan tí ó túmọ̀ sí pé a kì yóò fi ibí yìí sílẹ̀ ni orúkọ náà ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. J. B. Losi tẹ ìtàn ti Èkó jáde ní ọdún 1914. Jacob Egharevba ti Bìní tẹ tirẹ̀ jáde ní ọdún 1934. Láti ìgbà náà wá, ìwé ti di idà ní ọwọ́ ìhà méjèèjì.

Kí ni kí àwa tí a kì í ṣe ìbátan ẹ̀gbẹ́ kankan wí? A rò pé ó yẹ kí a ya ohun méjì sọ́tọ̀ tí àwọn alárìíyànjiyàn máa ń pò pọ̀. Èkínní ni àṣẹ, èkejì ni ẹ̀jẹ̀. Ní ti àṣẹ, kò sí iyàn: Èkó wà lábẹ́ Bìní, a ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Bìní títí wọ inú ọ̀rúndún kọkàndínlógún, a sì ń gbé ohun ìrántí òkú àwọn ọba àkọ́kọ́ lọ sí Bìní fún ìsìnkú. Ní ti ẹ̀jẹ̀, orí ẹ̀rí ọba kan ṣoṣo ni a ń jà lé, nígbà tí ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀lé e nínú ìtàn ìdílé náà ti sọ ìjà náà di asán. Nítorí kí ni ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn Aṣípa? Àdó ọmọ rẹ̀ jọba. Gàbàrọ́ ọmọ Àdó jọba, òun sì ni a wí pé ó kó ìjókòó ọba kúrò ní Ìddó wá sí erékùṣù, sí orí oko ata Arómirẹ́. Akinṣemóyìn àbúrò rẹ̀ jọba. Lẹ́yìn ìgbà náà, ìjọba kúrò ní ìlà ọmọ ọkùnrin. Ọmọ Erelú Kútì, ọmọbìnrin Àdó, ni ó bọ́ sí, ìyẹn Ológun Kútere. Baba Ológun Kútere sì jẹ́ babaláwo láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí èyí, nítorí àwọn ènìyàn máa ń sáré kọjá lórí rẹ̀. Gbogbo ọba tí ó ti jẹ ní Èkó lẹ́yìn Ológun Kútere, Adélé àti Òṣìnlókùn, Akíntóyè àti Kòsọ́kọ́, Dòsùnmú àti gbogbo àwọn tí ó tẹ̀lé e títí dé orí Ọba Rilwan Akíolú tí ó gun orí ìtẹ́ ní ọdún 2003, láti inú ìdílé rẹ̀ ni wọ́n ti jáde. Bí a bá ń ka baba sí baba gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, Ìjẹ̀ṣà ni ìdílé ọba Èkó. Bí a bá kà á láti ọ̀dọ̀ Erelú Kútì, ọmọ Aṣípa ni, kí Aṣípa jẹ́ Àwórì tàbí kí ó jẹ́ Bìní. Ìdí nìyí tí Erelú fi jẹ́ oyè ńlá ní Èkó títí di òní. Láìsí obìnrin yìí, okùn náà ìbá ti já. Àwa tí a ń ka ìwé ìran nínú Ìhìnrere Matteu kò gbọdọ̀ rí èyí bí ohun àjèjì, nítorí a mọ̀ pé obìnrin Móábù kan àti obìnrin Jẹ́ríkò kan wà nínú ìlà Dáfídì, ẹni tí ó kọ ìwé náà kò sì fi wọ́n pamọ́.

Bí àwọn ìjòyè onífìlà funfun ṣe pín sí ọ̀wọ́ mẹ́rin tún fi ohun kan náà hàn. Àwọn Ìdẹ́jọ ni a ti sọ, àwọn onílẹ̀, ọmọ Ọlọ́fin. Àwọn Àkárígbẹ̀rẹ̀, tí Ẹlẹ́tù Ọ̀dìbò jẹ́ olórí fún, ka ara wọn sí ìran àwọn tí ó bá Aṣípa ti Bìní wá, ọwọ́ Ẹlẹ́tù Ọ̀dìbò sì ni fífi ọba jẹ wà. Àwọn Ògáládé, lábẹ́ Ọbaníkòró, ni wọ́n ń ṣe ti ètùtù àti ti ìwòsàn. Àwọn Àbàgbọ́n, lábẹ́ Aṣọ́gbọ́n, ni olórí ogun. Ẹni tí ó fi ọba jẹ kò ní ilẹ̀. Ẹni tí ó ni ilẹ̀ kò lè jẹ ọba. A kò mọ ẹni tí ó dá ọgbọ́n yìí, ṣùgbọ́n ó mú kí àwọn tí ó ṣẹ́gun àti àwọn tí a ṣẹ́gun lè jókòó lórí ẹní kan náà fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún.

Òyìnbó kò mọ èyí nígbà tí ó dé. Lẹ́yìn tí àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti fi ìbọn ńlá fọ́ ìlú náà ní ọjọ́ kejì ọdún Kérésìmesì ọdún 1851 àti ọjọ́ mélòó kan tí ó tẹ̀lé e, tí wọ́n sì lé Kòsọ́kọ́ lọ, a mú Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ ọdún 1861 pé ó ti fi Èkó àti èbúté rẹ̀ fún ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn Ìdẹ́jọ bínú, wọ́n sì ní ìdí: báwo ni Dòsùnmú ṣe lè fi ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ fún ni? Ilẹ̀ tí ààfin rẹ̀ dúró lé lórí pàápàá, láti ọwọ́ Arómirẹ́ ni ó ti gbà á.

Ó lé ní àádọ́ta ọdún kí ọ̀rọ̀ náà tó dé ibi ìdájọ́. Ìjọba gba ilẹ̀ Ìdẹ́jọ kan ní Àpápá, Amodu Tijani, Olúwa ti Èkó, sì wí pé owó ilẹ̀ tọ́ sí òun àti àwọn ènìyàn òun. Àwọn adájọ́ ní Èkó kò gbà fún un tó bí ó ti fẹ́. Ó kọjá òkun lọ sí Lọ́ńdọ̀n ní ọdún 1920, pẹ̀lú Herbert Macaulay, ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé àti ògbufọ̀ rẹ̀, ó sì mú ọ̀pá àṣẹ Eléko dání. Ní oṣù keje ọdún 1921, Privy Council dá a láre: ìwé tí Dòsùnmú fọwọ́ sí kò gba ẹ̀tọ́ ìlò ilẹ̀ kúrò lọ́wọ́ àwọn ènìyàn tí ó ti ń gbé orí rẹ̀. Ọ̀pá náà tún di ẹjọ́ mìíràn, nítorí ìjọba bínú sí Eléko Èṣùgbàyí lórí ọ̀rọ̀ tí Macaulay sọ ní Lọ́ńdọ̀n. A yọ ọ́ lóyè ní ọdún 1925, a sì lé e lọ sí Ọ̀yọ́, kò sì padà dé Ìga títí di ọdún 1931, ọdún tí ẹjọ́ tirẹ̀ pẹ̀lú dé Privy Council.

Láti ọjọ́ tí adájọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí béèrè pé ta ni ó kọ́kọ́ dé, ìtàn ìpilẹ̀ṣẹ̀ ti ní iye owó. Ìdílé tí ó ní Àwórì àti Bìní àti Ìjẹ̀bú nínú agbo ilé kan náà mọ̀ pé èyí tí yóò jẹ́ kí òun jàre ní kóòtù ni kí òun sọ. Kò ní láti purọ́. Kí ó kàn dákẹ́ lórí àwọn yòókù ni. Bí ọgbọ̀n ọdún bá sì kọjá lórí ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ kò ní mọ̀ mọ́ pé ohun kan wà tí a dákẹ́ lé lórí.

Kì í ṣe ní Èkó nìkan ni èyí ti rí bẹ́ẹ̀. Ní àwọn òkè Appalachia ní Amẹ́ríkà, láàrin ìpínlẹ̀ Tennessee àti Virginia, àwọn ènìyàn kan wà tí a ń pè ní Melungeon. Collins, Gibson, Mullins, Goins ni orúkọ ìdílé wọn. Àwọ̀ wọn kò funfun tán, kò sì dúdú tán, ìdí wọn sì jẹ́ àdììtú fún àwọn aládùúgbò wọn. Àwọn kan ní ọmọ Potogí tí ọkọ̀ wọn rì ni wọ́n, àwọn mìíràn ní ọmọ Tọ́kì, àwọn mìíràn ní ìyókù àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ó sọnù ní erékùṣù Roanoke. Àwọn fúnra wọn a máa wí pé Potogí ni àwọn. Kí ni ó fà á? Òfin ni. Ní ọdún 1834, Tennessee gba ẹ̀tọ́ ìdìbò lọ́wọ́ ẹni dúdú òmìnira, ní ọdún 1846 a sì pe àwọn kan nínú wọn lẹ́jọ́ pé wọ́n dìbò láìtọ́. Nínú ẹjọ́ mìíràn, ní àwọn ọdún 1870 sí 1879, ọmọbìnrin kan fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù ogún baba rẹ̀, nítorí bí ìyá rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ adúláwọ̀, òfin kò mọ ìgbéyàwó náà sí ìgbéyàwó. Agbẹjọ́rò rẹ̀, Lewis Shepherd, dìde, ó ní àwọn ará Kátéèjì àtijọ́ ni baba ńlá wọn. Ọmọ náà sì jogún.

Ní ọdún 2012, àwọn kan nínú àwọn ọmọ ìran náà tẹ àbájáde àyẹ̀wò ohun àjogúnbá inú ẹ̀jẹ̀ jáde, èyí tí a ń pè ní DNA. Ó fi hàn pé ní ọ̀pọ̀ jù lọ, ọkùnrin adúláwọ̀ àti obìnrin aláwọ̀ funfun ni ó bẹ̀rẹ̀ ìran wọn. Kò sí Kátéèjì níbẹ̀. Síbẹ̀ a kò lè bú àwọn baba wọn ní òpùrọ́. Òfin burúkú ni ó bi wọ́n ní ìbéèrè burúkú, wọ́n sì fi ìdáhùn tí yóò dá ilé wọn sí fún un.

Ohun tí ó tún jọni lójú ni pé Potogí wà nínú ìtàn tiwa pẹ̀lú, kò sì ní àdììtú nínú. Ní ayé Akinṣemóyìn, ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ni àwọn oníṣòwò Potogí wọ Èkó dáradára. Ònímù, tí wọ́n ń kọ ní Onim, ni wọ́n ń pe ìlú náà nínú ìwé wọn. Ìtàn ààfin wí pé àwọn ni wọ́n fi amọ̀ sísun, tí a fi ń bo òrùlé, ta ọba lọ́rẹ fún Ìga, kí ilé rẹ̀ lè yàtọ̀ sí ilé koríko. Ṣùgbọ́n ta ni àwọn Potogí wọ̀nyí? Ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣí ọ̀nà òwò náà ni João de Oliveira. Ọmọ ilẹ̀ wa ní etíkun yìí ni, adúláwọ̀. A tà á lẹ́rú lọ sí Bràsíìlì ní kékeré, ó padà wá sí etíkun ní ọdún 1733, ó sì di oníṣòwò ńlá kí ó tó tún lọ sí Bahia ní ọdún 1770. Ẹrú ni a tà á, ẹrú ni ó sì ń tà. A kì í fẹ́ sọ apá yìí. Amọ̀ sísun orí òrùlé Ìga jẹ́ owó ènìyàn, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún kò sì sí èbúté kan ní apá etíkun yìí tí ó kó ẹrú jáde ju Èkó lọ. Ìjọ Ọlọ́run ní Èkó fúnra rẹ̀ ti inú ìbànújẹ́ yẹn jáde, nítorí ẹrú tí a gbà sílẹ̀ lójú omi ni Àjàyí Crowther, àwọn ẹrú bẹ́ẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn sì ni a ń pè ní Sàró nígbà tí wọ́n dé láti Sierra Leone tí wọ́n tẹ̀dó sí Olówógbowó.

Àwọn tí ó ti Bràsíìlì àti Kúbà dé ni Àgùdà, tàbí Amaro. Ìkànìyàn ọdún 1881 rí wọn ní Èkó ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lọ. Wọ́n mú iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà wá. Ọwọ́ ọ̀kan nínú wọn, João Baptista da Costa, ni ó kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta Bey tí a ṣí ní oṣù keje ọdún 1894. Ẹ kíyè sí i: Ìjọ Páàdì ni ó ti wá, mọ́ṣáláṣí ni ó kọ́, ọmọ Sàró sì ni ó ni owó rẹ̀, nítorí Sierra Leone ni a ti bí Mohammed Shitta. Àwọn ni wọ́n sì fi fùrèjọ̀n kọ́ wa, ẹ̀wà tí a fi omi àgbọn sè, tí ọ̀pọ̀ ilé onígbàgbọ́ ní Èkó kò lè ṣe Ọjọ́ Jimọ̀ Rere láìsí i. Ìjọ yòówù kí ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ti wá, a mọ̀ pé àwo fùrèjọ̀n ti dé ilé yín láti ọ̀dọ̀ aládùúgbò.

A kò lè ka gbogbo wọn tán. Àdàmú Òrìṣà, tí gbogbo ayé ń pè ní Ẹ̀yọ̀, láti Ìbẹ̀fún ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni a wí pé ó ti wá, èyí tí a sì fi dá Akíntóyè lọ́lá ní ọdún 1854 ni a kọ́kọ́ rí àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ìgunnukó ti ilẹ̀ Tápà wá. Ọmọ Tápà náà ni Òṣòdì, tí ó dé Èkó gẹ́gẹ́ bí ẹrú, tí ó di ọ̀gágun Kòsọ́kọ́, tí ó bá a lọ sí Ẹ̀pẹ́ nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì lé e. Nígbà tí wọ́n padà ní ọdún 1862, òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ni wọ́n tẹ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó dó, orúkọ àdúgbò náà sì sọ ibi tí wọ́n ti dé. Lónìí, ẹni tí ó bá pe àwọn ọmọ Òṣòdì ní àjèjì ní Ìsàlẹ̀ Èkó yóò rí ẹni tí yóò dá a lóhùn.

Omi ọ̀sà tí ó yí erékùṣù náà ká, láti inú Ògùn ni ó ti wá, àti láti inú Ọ̀ṣun, òkun sì ń da tirẹ̀ sí i ní ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Kò sí apẹja kan tí ó lè sọ fún wa pé omi Ọ̀ṣun ni òun fi bu nǹkan.

Ohun tí ó ń kó wa ní ọkàn sókè ni pé àwọn ẹlẹ́rìí tí kì í sọ̀rọ̀ ń lọ. Ilé Ilojo, tí ìdílé Àgùdà kọ́ ní ọdún 1855 ní ìta Tinúbú, ni ìjọba àpapọ̀ ti kéde ní ọdún 1956 gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní ọjọ́ Àìkú kan ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, a wó o palẹ̀. Ìwé ìtẹ̀bọmi inú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì wa ń bẹ síbẹ̀, níbi tí àwọn àlùfáà ìgbà náà ti kọ orúkọ òbí àti ìlú tí a ti mú wọn wá. Kòkòrò sì ń jẹ wọ́n. Ẹni tí ó bá ní ìyá-ìyá tí ó ṣì lè sọ̀rọ̀, kí ó mú ìwé àti gègé tọ̀ ọ́ lọ, kí ó sì béèrè orúkọ gbogbo àwọn ìyàwó baba ńlá, kì í ṣe ti baba ńlá nìkan.

Ilé Omi ní Kákáwá wà síbẹ̀. João Esan da Rocha ni ó kọ́ ọ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, gẹ́gẹ́ bí baba Ológun Kútere. Ọmọdé ni nígbà tí a mú un lẹ́rú lọ sí Bràsíìlì, àgbà ni ó padà dé, Èkó ni ó sì jókòó sí. Ó gbẹ́ kànga sínú ọgbà rẹ̀, ìdílé rẹ̀ sì ń ta omi rẹ̀ fún àwọn ará àdúgbò, Àwórì àti Bìní, Sàró àti Tápà, ní ìgbà tí ẹ̀rọ omi ìjọba kò tíì dé.